Aṣọ pupa lórí igi ní Winnipeg: kí ni kánsù lè ṣe kí àwọn ọmọbìnrin ìbílẹ̀ má baà máa sọnù?

Bàbá Ìyìn (Ìbàdàn) béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará òkè òkun. Ọmọ mi obìnrin ti rí ìwé gbà láti kàwé ní Winnipeg, ní Kánádà. Oṣù kẹsàn-án ló máa wọkọ̀ òfuurufú. Mo ní kí n wo irú ìlú tó jẹ́, àfi bí mo ṣe ń rí aṣọ pupa tí wọ́n so kọ́ sára igi, aṣọ obìnrin lásán, kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Wọ́n ní àmì àwọn obìnrin ìbílẹ̀, ìyẹn ìran àwọn tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, tí wọ́n pa àti àwọn tó sọnù ni. Mo tún kà á pé ìjọba tú ààtàn nítorí òkú obìnrin méjì, owó tí wọ́n sì ní ó lè gbà, ó tó kọ́ ilé ìwòsàn. Kí ló dé tí wọn ò fi owó yẹn ṣọ́ àwọn tó ṣì wà láàyè? Ẹnì kan tó ti gbé ibẹ̀ rí sì sọ fún mi, ẹ má bínú o, pé àwọn obìnrin yẹn ló ń mutí tí wọ́n ń rìn kiri lóru, pé kò sí kánsù tó lè gba ẹni tí kò bá gba ara rẹ̀. Ẹ là mí lóye.

* * *

Àbẹ̀kẹ́ (Winnipeg):

Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Winnipeg ni mò ń gbé. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ní ọ̀kan nínú àwọn ilé tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba sí. Ní ìpínlẹ̀ Manitoba yìí, nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Àwọn ni mò ń dáná fún, àwọn náà ni mò ń dúró dè lóru. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ọ̀rọ̀ ọtí yẹn bẹ̀rẹ̀, torí òun ló dùn mí jù.

Àwọn obìnrin mìíràn náà ń mutí ní Winnipeg. Mo ń rí wọn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n dì mọ́ ara wọn lọ́rùn, wọ́n sì ń délé. Ní 2014, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀, ìyẹn RCMP, tú àkọsílẹ̀ láti 1980 dé 2012. Obìnrin ìbílẹ̀ 1,181 ni wọ́n kà: 1,017 tí wọ́n pa, 164 tó sọnù. Àwọn ẹbí ní iye yẹn ò tó rárá. Nínú obìnrin 100 ní Kánádà nígbà náà, bíi 4 péré ló jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Nínú obìnrin 100 tí wọ́n pa, 16 jẹ́ tiwọn. Àjọ oníṣirò ìjọba wo 2009 sí 2021, wọ́n rí i pé ewu kí wọ́n pa obìnrin ìbílẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ti obìnrin mìíràn. Ọtí ò lè ṣe irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ọ̀pọ̀ ará ìlú yìí á kọ́kọ́ dárúkọ fún yín ni Tina Fontaine. Ọmọ ọdún 15 ni, ará Sagkeeng, ìlú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kan ní Manitoba. Wọ́n ti pa bàbá rẹ̀ ní 2011. Ní ìgbà ẹ̀rùn 2014 ó bọ́ sábẹ́ ìtọ́jú ìjọba ní Winnipeg, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sọnù. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, ọlọ́pàá dá ọkọ̀ kan dúró, Tina wà nínú rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó máa lọ. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà wọ́n bá a níbi tó dákú sí, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn fà á lé òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ náà mú un lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, torí hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí kò ríbi gbé sí nígbà yẹn. Ó jáde níbẹ̀. Ní ọjọ́ 17, wọ́n fà á yọ nínú Odò Red, wọ́n ti fi aṣọ ibùsùn dì í, wọ́n sì ti kó òkúta sínú ẹ̀ kó má baà léfòó. Ọkùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní 2018. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú ọmọ náà.

Bàbá, ọlọ́pàá rí i, nọ́ọ̀sì rí i, òṣìṣẹ́ ìjọba rí i, gbogbo ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Tí wọ́n bá ní kò gba ara rẹ̀, ta ló yẹ kó gba ọmọ ọdún 15?

* * *

Àbẹ̀kẹ́:

Ọ̀rọ̀ ààtàn. Mo rí i pé ìhà tí Bàbá Ìyìn kọ sí i ni ọ̀pọ̀ yín kọ sí i: òkú kò ní jí, ẹ fowó yẹn tọ́jú alààyè. Mi ò gbà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún 2022 wọ́n rí apá kan ara Rebecca Contois nínú agbada ìdalẹ̀nù kan ní Winnipeg. Lẹ́yìn náà wọ́n rí apá mìíràn ní ààtàn Brady Road, tó jẹ́ ti kánsù Winnipeg fúnra rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejìlá, ọlọ́pàá kéde pé ọkùnrin kan náà ti pa obìnrin mẹ́ta mìíràn: Morgan Harris, Marcedes Myran, àti ẹnì kan tí wọn ò mọ̀. Àwọn àgbà ìbílẹ̀ fún ẹni náà ní orúkọ, Mashkode Bizhiki'ikwe, kó má baà wà láìlórúkọ. Ní 2025 ni wọ́n tó mọ̀ pé Ashlee Shingoose ni, láti St. Theresa Point. Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà níbí. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ikú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní oṣù keje 2024.

Ohun tó mú kí gbogbo ìlú gbóná ni pé ọlọ́pàá sọ pé àwọn gbàgbọ́ pé Morgan àti Marcedes wà ní ààtàn Prairie Green, ní ìta ìlú níhà àríwá, tó jẹ́ ti oníléeṣẹ́ aládàáni, ṣùgbọ́n àwọn ò ní wá wọn. Wọ́n ní ó ti pẹ́, ìdọ̀tí tó wà lórí wọn ti pọ̀ jù. Àwọn ọmọ Morgan gbéra. Àwọn ènìyàn pàgọ́ sẹ́nu ọ̀nà Brady Road, wọ́n dí i pa. Ní oṣù keje 2023 olórí ìjọba ìpínlẹ̀ nígbà náà, Heather Stefanson, sọ pé òun ò ní tú u, pé kẹ́míkà inú rẹ̀ lè pa òṣìṣẹ́ lára. Nígbà ìdìbò, ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kíkọ̀ yẹn polówó ara wọn. Wọ́n fìdí rẹmi ní oṣù kẹwàá. Wab Kinew ló wọlé, ọmọ ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ní wọ́n á wá wọn.

Iye tí ẹ rí yẹn, mílíọ̀nù 184 dọ́là, ìwádìí ló sọ pé ó lè tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ náà bá gba ọdún mẹ́ta. Tó bá jẹ́ ọdún kan, 84. Ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ dá mílíọ̀nù 20-20 ní 2024. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí tú ibi tí wọ́n fojú sùn gan-an ní oṣù kejìlá 2024. Kí oṣù kejì 2025 tó parí, wọ́n ti rí egungun. Ní oṣù kẹta wọ́n jẹ́rìí sí i pé àwọn obìnrin méjèèjì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí nípa alààyè, ẹ gbọ́. Ìdí tí apànìyàn fi ju obìnrin sínú agbada ìdalẹ̀nù ni pé ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tó máa wá a. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá jáde lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn mọ ibi tó wà àmọ́ àwọn ò ní wá a, wọ́n jẹ́rìí sí ohun tí apànìyàn náà rò. Àwọn ọmọbìnrin ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n yẹn pẹ̀lú mi. Ọ̀kan bi mí pé, "Tó bá jẹ́ èmi ńkọ́?" Ta ni nínú wa tí wọ́n á sọ fún pé òkú ọmọ rẹ̀ wà ní ààtàn, àwọn mọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀?

* * *

Àbẹ̀kẹ́:

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Toronto sọ pé à ń yọ kánsù lẹ́nu lásán, pé Ottawa, ìyẹn ìjọba àpapọ̀, ló fa gbogbo wàhálà yìí, Ottawa ló yẹ kó tún un ṣe. Àwọn mìíràn ń tì í lẹ́yìn. Ní ti ẹni tó fà á, mo fara mọ́ ọn. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí Marion Buller ṣe alága rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, gbé ìwé jáde ní oṣù kẹfà 2019. Wọ́n pe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin wọ̀nyí ní ìpẹ̀yàrun, wọ́n sì ka nǹkan 231 tí ìjọba àti ará ìlú gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ńlá ni, ẹ̀rí àwọn ẹbí wà nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n láago méjì òru, Ottawa kì í gbé fóònù.

Ẹni tó ń gbé fóònù ni ọlọ́pàá ìlú, owó kánsù ni wọ́n sì ń gbà. Bọ́ọ̀sì, ti kánsù ni. Iná ojú títì, ti kánsù ni. Tákísí bọ́ sábẹ́ kánsù ní 2018. Brady Road, ti kánsù ni. Ìtọ́jú ọmọ àti ilé ìwòsàn ló wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì lọ́rọ̀ sọ lórí ilẹ̀ ìbílẹ̀. Ọmọ tó kúrò ní abúlé ìbílẹ̀ wá sí ìlú máa ń já bọ́ sáàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oníkálùkù á sì ní ẹlòmíì ló kàn. Èrò tèmi ni pé kí a má ṣe dúró kí wọ́n parí ìjà yẹn. Ẹni tí ìta alẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ dì mú, kánsù sì ni.

Ẹ wo ohun tí ikú Tina mú wá. Ní 2015 ìpínlẹ̀ jáwọ́ nínú kíkó ọmọ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ìyẹn tóbi. Àwọn ará ìlú sì jí Bear Clan Patrol dìde, ẹgbẹ́ tó ti wà ní 1992 kó tó fọ́. Wọn ò ní ìbọn, wọn ò lágbára láti mú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ń rìn kiri ní àdúgbò North End lálẹ́, wọ́n ń pín oúnjẹ, wọ́n ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀, wọ́n ń bi àwọn ọmọdé pé ibo lẹ ń lọ. Mo ti bá wọn rìn rí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí àwọn obìnrin ojú títì ṣe mọ̀ wọ́n lórúkọ, tí wọ́n ń sọ fún wọn irú ọkọ̀ tó ń yí po àdúgbò. Wọn ò ní sọ irú ẹ̀ fún ọlọ́pàá. Àwọn mìíràn lọ wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré, wọ́n ń fi ìwọ̀ irin wọ́ ìsàlẹ̀ Odò Red, torí ọlọ́pàá ní àwọn ò ní ṣe é.

* * *

Àbẹ̀kẹ́:

Kúnlé tó ń wa tákísí níbí bínú pé mo ka tákísí mọ́ ohun tí kánsù gbọ́dọ̀ tún ṣe. Ó ní àwọn awakọ̀ ń jìyà: ẹni tó wọkọ̀ lóru á sá lọ láìsanwó, wọ́n á tún na awakọ̀, pé ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń gba owó kọ́kọ́, ìyẹn owó tí èrò á san kí ọkọ̀ tó gbéra.

Àbúrò, mo gbọ́. Wọ́n ti na àwọn awakọ̀ tí mo mọ̀, kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ, ta lẹ̀ ń gba owó kọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Tí èmi bá wọkọ̀ yín nínú aṣọ iṣẹ́, ẹ kì í béèrè. Tí ọmọbìnrin ìbílẹ̀ bá wọlé, ẹ á yí orí padà, ẹ á ní kó kó 40 dọ́là sílẹ̀. Tí kò bá ní, ó sọ̀ kalẹ̀. Ibi tó sọ̀ kalẹ̀ sí ńkọ́, nínú òtútù tó wọ 30 lábẹ́ òdo? Àwọn obìnrin tún ti fẹjọ́ sùn tipẹ́ pé awakọ̀ ń sọ ìsọkúsọ sí wọn, pé wọ́n ń fi ara dípò owó lọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí àwọn obìnrin dá Ikwe Safe Rides sílẹ̀ ní 2016: obìnrin ló ń wakọ̀, obìnrin ló ń gbé, owó táṣẹ́rẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin níbí fi ọkàn tán Ikwe ju tákísí lọ.

Kí kánsù pàṣẹ pé bóyá kí awakọ̀ gba owó kọ́kọ́ lọ́wọ́ gbogbo èrò lóru, tàbí kó má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ẹjọ́ tí obìnrin bá fi sùn lórí awakọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún un lésì. Ìyẹn á dáàbò bo ìwọ náà, Kúnlé, torí ẹni tó ń bà yín lórúkọ jẹ́ á hàn.

* * *

Àbẹ̀kẹ́:

Ẹnì kan ní bọ́ọ̀sì àti ìpànìyàn ò bára tan. Ó yẹ kó mọ ọ̀nà 16 ní British Columbia, láti Prince George dé Prince Rupert. Ó lé ní 700 kìlómítà, igbó lọ́tùn-ún lósì, fóònù kì í sì í mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Ọ̀nà Omijé. Láti nǹkan bí ọdún 1970 ni àwọn ọmọbìnrin ti ń sọnù níbẹ̀, ọmọ ìbílẹ̀ ló pọ̀ jù. Ọmọ tó fẹ́ lọ rí dókítà tàbí wáṣẹ́ ní ìlú kejì, tí kò lọ́kọ̀, àtàǹpàkò ló ń nà sí ọkọ̀ àjèjì.

Ní 2006, àwọn ẹbí, àwọn olórí ìbílẹ̀ àti àwọn aláṣẹ péjọ ní Prince George, wọ́n kọ àbá 33 sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì wà lókè pátápátá. Ní 2012, Wally Oppal tó ṣèwádìí àwọn obìnrin tó sọnù ní Vancouver tún sọ ọ́: bọ́ọ̀sì sí ọ̀nà 16, kíákíá. Ní 2017 ni bọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn ìlú kan pọ̀ lójú ọ̀nà náà. Ọdún mọ́kànlá fún ọkọ̀ tó ní awakọ̀ àti àga! Lẹ́yìn ọdún kan ilé iṣẹ́ Greyhound kó bọ́ọ̀sì tiwọn kúrò ní àríwá, ìpínlẹ̀ sì ní láti fi BC Bus North dí àlàfo. Ní 2021 wọ́n kéde òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ibi tí fóònù ti ń kú.

Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé kánsù ò lówó bọ́ọ̀sì òru ní North End, n kì í dákẹ́. Nígbà tí bọ́ọ̀sì bá tán, ọkọ̀ àjèjì ló kù.

* * *

Àbẹ̀kẹ́:

Mọ́remí láti Seattle kọ̀wé, ó ṣeun, ó ní Amẹ́ríkà náà ń jà á. Ó mẹ́nu ba ìwé tí àjọ ìlera àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ìlú ńláńlá, Urban Indian Health Institute, gbé jáde ní 2018. Wọ́n béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá ìlú 71, wọ́n rí ọ̀rọ̀ obìnrin 506, Seattle ló sì pọ̀ jù, 45. Ẹ wá gbọ́ èyí tó wà nínú ìwé náà: nínú ìwé àtijọ́ ọlọ́pàá Seattle, lẹ́tà "N" tí wọ́n kọ síwájú orúkọ ènìyàn, ènìyàn dúdú ló wà fún, kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀. Nítorí náà ẹni tó ń wá obìnrin ìbílẹ̀ nínú ìwé yẹn á rí ẹlòmíì, tirẹ̀ á sì pòórá. Ìgbìmọ̀ ìlú Seattle gbé ìpinnu kan jáde ní 2019 lórí ọ̀rọ̀ yìí, Debora Juarez tó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Blackfeet ló ṣáájú rẹ̀. Ní 2022, ìpínlẹ̀ Washington ló kọ́kọ́ ní ìkìlọ̀ orí fóònù àti ojú ọ̀nà fún ọmọ ìbílẹ̀ tó bá sọnù ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Irú rẹ̀ ni Leah Gazan, aṣòfin tó ń ṣojú àárín Winnipeg, jà fún. Ní 2024 ìjọba àpapọ̀ àti Manitoba kéde pé àwọn á dán an wò níbí, wọ́n pè é ní Red Dress Alert. Àwọn kan nínú yín ní fóònù á máa pariwo jù, ènìyàn á pa á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ju ariwo lọ ni pé ìkìlọ̀ ò lè jáde àyàfi tí ẹni tó gbé fóònù bá gbà pé ọmọ náà sọnù lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń rí níbi iṣẹ́. A ní ìwé kan lẹ́nu ọ̀nà. Kí ọmọbìnrin tó jáde lálẹ́, mo ń kọ ohun tó wọ̀: jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú, sòkòtò dúdú, bàtà funfun tí okùn ọ̀kan ti já, irun tó dì sẹ́yìn, òrùka imú. Àwọn ọmọ mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ máa ń dúró yí po kí n lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Wọ́n mọ ohun tí ìwé náà wà fún. Tí aago tó dá bá kọjá tí kò sì dé, mo ń pe fóònù rẹ̀, mo ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà mo ń pe ọlọ́pàá. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni: "Ṣé ó máa ń sá lọ?" Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ń gbọ́ bí ohùn ẹni náà ṣe ń rọ̀. Ní alẹ́ kan, ẹnì kan sọ fún mi pé kí n dúró di àárọ̀, ó máa padà nígbà tí ebi bá pa á. Mo ní kó kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó sọ sílẹ̀ fún mi. Nígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí gba àpèjúwe ọmọ náà. A rí i lọ́jọ́ kejì, láàyè, nínú ilé ọkùnrin kan tó dàgbà tó bàbá rẹ̀.

Ọmọ tó máa ń sá lọ ló wà nínú ewu jù. Àwọn tó ń wá ọmọdé tí wọ́n á lò mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ni wọ́n ń dúró dè. Ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn ló yẹ kó mú ọlọ́pàá dìde.

* * *

Àbẹ̀kẹ́:

Ìyá kan béèrè bóyá òótọ́ ni pé ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró wákàtí 24 kó tó lọ sọ pé ẹnì kan sọnù. Rárá o. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Kánádà. Nínú sinimá ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ìṣẹ́jú tí ọkàn yín bá ti sọ pé nǹkan ò dáa, ẹ pè. Tí wọ́n bá ní kí ẹ dúró, ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà òṣìṣẹ́ náà, kí ẹ sì gba nọ́ńbà tí wọ́n fi ẹjọ́ yín sí.

Bàbá Ìyìn tún béèrè bóyá ọmọ òun á bọ́ lọ́wọ́ irú ewu yìí torí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀. Ewu tirẹ̀ kéré gan-an sí tiwọn, mi ò ní parọ́ fún yín. Ó máa ní ẹ̀yin tí ẹ ń pè é, ó máa ní ilé ìwé tó mọ̀ bí kò bá wá sí kíláàsì, ó máa ní ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí. Kó mọ ọ̀nà tó máa gbà délé lóru kó tó jáde. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọtí yẹn rán an wá síbí. Ó máa bá àwọn ọmọbìnrin ìbílẹ̀ jókòó ní kíláàsì, nínú ìlú tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́jọ ti jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Kó bá wọn ṣọ̀rẹ́.

* * *

Àbẹ̀kẹ́:

Ìbéèrè tó kẹ́yìn tí mo rí: "A kì í ṣe onílùú, a ò tíì lè dìbò, kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ kánsù?"

Àwa la wà níbẹ̀ lóru. Ẹ lọ wo àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ, tákísí, ilé ìwòsàn, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà: àwa Yorùbá, Igbo, Filipíìnì àti Punjab la kún ibẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin kan bá wọlé láago mẹ́ta òru, tó ń gbọ̀n, àwa ló kọ́kọ́ ń rí. A lè lé e jáde, a sì lè fún un ní àga àti tíì, ká tẹ Velma's House láago. Láti 2021 ni ilé yẹn ti ṣí, àjọ ìbílẹ̀ Ka Ni Kanichihk ló ń darí rẹ̀, kì í tilẹ̀kùn tọ̀sán tòru. Obìnrin á wọlé, á jẹun, á wẹ̀, á sùn, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ibo lo ti wá. Owó ìjọba àpapọ̀ wà nínú rẹ̀, irú owó bẹ́ẹ̀ sì máa ń ní ọjọ́ tó ń parí. Ohun tí mo fẹ́ kí kánsù ṣe ni kí wọ́n fi ilé bẹ́ẹ̀ sínú ìṣúná tiwọn lọ́dọọdún, bí wọ́n ṣe ń fi owó kíkó yìnyín síbẹ̀, kí àwọn obìnrin tó dá a sílẹ̀ sì máa darí rẹ̀ lọ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Kánsù kò gbọ́dọ̀ rán ọ̀gá tuntun sí wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ kánsù lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìlú. Mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé ìṣúná tó ń bọ̀ kalẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni màá bá wọn sọ: bọ́ọ̀sì òru fún North End, owó Velma's House, àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá obìnrin tó fẹjọ́ awakọ̀ sùn lóhùn. Kúnlé, mo fẹ́ kí ìwọ náà wá sọ ti àwọn awakọ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń wakọ̀. Ẹni tó bá lè bá wa lọ, kó kọ̀wé sí mi.